Àwárí ni Obìnrin ń Wá Nǹkan Ọbẹ̀: Wíwá Ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú Kóòdù Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà ní àwárí ni obìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ilé ìdáná yóò mọ̀ pé òwe yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bí iyọ̀ kò bá sí nínú ìgò rẹ̀, a ó wo abẹ́ àwo. Bí kò bá sí lábẹ́ àwo, a ó rán ọmọ lọ sí ilé kejì. Ṣùgbọ́n a kò ní í jẹ ọbẹ̀ tí ó tẹ́. Irú àwárí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sọ nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí. Kì í ṣe iyọ̀ ni mo wá, kì í sì í ṣe ata. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni mo wá. Ibi tí mo ti wá a ni ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò rò pé èdè Yorùbá lè dé, èyí ni inú kóòdù kọ̀ǹpútà.

Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú kóòdù? Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Kóòdù kì í ṣe awo. Àṣẹ tí ènìyàn kọ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ ni: ṣe èyí, lẹ́yìn náà ṣe tọ̀hún, bí báyìí bá rí báyìí, má ṣe é mọ́. Ìlà lórí ìlà ni a ń kọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ ewì. Ohun tí ó fi yàtọ̀ sí ewì ni pé ó pọ̀ kọjá ohun tí ojú ẹnìkan lè kà tán. Linux, tí fóònù Android tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa dúró lé lórí, ti ju mílíọ̀nù 30 ìlà lọ. Ní ọdún 2015, kóòdù tí àwọn òṣìṣẹ́ Google kó jọ sí ojú kan ṣoṣo tó nǹkan bí bílíọ̀nù 2 ìlà. Ta ni yóò jókòó ka èyí láti orí dé ìdí? Nítorí náà ni wíwá ọ̀rọ̀ fi di iṣẹ́ òòjọ́ fún àwọn tí ń kọ kóòdù. Ìwádìí kan tí a ṣe láàrin àwọn òṣìṣẹ́ Google, tí ó jáde ní ọdún 2015, fi hàn pé tí a bá pín in dọ́gba, ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn ń wá nǹkan nínú kóòdù ní ìgbà 12 lójúmọ́ iṣẹ́.

Láàrin àwọn àṣẹ wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ tí ènìyàn yóò kà wà. Ohun tí a kọ sára bọ́tìnnì tí à ń tẹ̀, ìkìlọ̀ tí ó ń yọ lójú fóònù, orúkọ ọjọ́ àti ti oṣù, inú fáìlì ni gbogbo wọn ń gbé. Yorùbá náà ti wà níbẹ̀. Àkójọ ńlá kan wà tí àjọ Unicode ń tọ́jú, tí wọ́n ń pè ní CLDR, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ti ń mú orúkọ ọjọ́ ní oríṣiríṣi èdè. Ẹni tí ó bá ṣí ti Yorùbá yóò rí Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀ àti Àbámẹ́ta níbẹ̀. Ètò ìtumọ̀ orúkọ tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, YorubaName, ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Nítorí náà, bí èdè wa bá dára níbẹ̀, ara wa ni. Bí ó bá wọ́, ara wa náà ni.

Báwo ni èmi ṣe dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí? Ní ìlú wa, Ikun-Àkókó, ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ tí Ọ̀kà jẹ́ olú ìlú rẹ̀, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan wà. Àgbẹ̀ wà nínú wọn, oníṣòwò tí ń ná ọjà Ìkàrẹ́ wà nínú wọn. Wọ́n ń dá owó jọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ń yá ara wọn. Ìwé ńlá ni akápò wọn fi ń kọ owó sílẹ̀ láti ọdún gbọ́n-ọn. Nígbà tí fóònù wọ̀lú, ẹnìkan bá wọn wá ètò kan tí ń ṣe ìṣirò owó, ọ̀fẹ́ ni, ẹni tí ó bá wù sì lè rí kóòdù rẹ̀. Ohun tí ó wú wọn lórí jù ni pé ó ń sọ Yorùbá. Ní ọjọ́ kan, akápò kọ owó ọ̀sẹ̀ kan wọlé, ó rántí pé òun kò tí ì gba ti ẹnìkan, ó sì fẹ́ dáwọ́ dúró. Bọ́tìnnì méjì ni ó wà níwájú rẹ̀. Lára èkíní, wọ́n kọ “Pa rẹ́”. Lára èkejì, wọ́n kọ “Paárẹ́”. Ó tẹ ọ̀kan. Owó ogójì ènìyàn kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọlọ́run yọ ọ́, ìwé ńlá náà kò tí ì kúrò nílé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ ti rí. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni àwọn kan fi ń wo obìnrin náà láti ẹ̀gbẹ́ ojú. Ẹni tí ó ti ń ṣe akápò fún ọdún mọ́kànlélógún tí kọ́bọ̀ kan kò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ wá di ẹni tí ń ṣàlàyé ara rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé. Àbúrò ìyá mi ni. Ìyẹn ni ó mú kí n jókòó ti kóòdù ètò náà. Mo fẹ́ rí gbogbo ibi tí wọ́n ti lo ọ̀rọ̀ náà, kí a lè mọ èyí tí ó túmọ̀ sí pé kí a dáwọ́ dúró àti èyí tí ó túmọ̀ sí pé kí a sọ nǹkan nù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa irin iṣẹ́ tí a fi ń wá ọ̀rọ̀, nítorí ìtàn rẹ̀ yóò dùn mọ́ àwa tí ń kọ́ lítíréṣọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni grep. Ken Thompson ni ó ṣe é ní ilé iṣẹ́ ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ó sì bọ́ sójútáyé ní ọdún 1973. Gẹ́gẹ́ bí Brian Kernighan tí àwọn jọ ṣiṣẹ́ ti sọ ọ́, kì í ṣe nítorí kóòdù ni wọ́n ṣe nílò rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ Lee McMahon ni ó ń ṣe ìwádìí lórí àwọn àròkọ 85 tí a mọ̀ sí Federalist Papers, tí wọ́n kọ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1787 àti 1788. Àwọn tí ó kọ wọ́n kò fi orúkọ ara wọn sí i. McMahon fẹ́ fi ọ̀nà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbà lo ọ̀rọ̀ mọ ẹni tí ó kọ èyí àti ẹni tí ó kọ tọ̀hún. Ìwé náà pọ̀ ju ohun tí irin iṣẹ́ ìgbà náà lè gbà sínú lọ. Thompson bá yọ apá tí ń wá ọ̀rọ̀ kúrò lára irin iṣẹ́ náà, ó sọ ọ́ di ohun tí ń dá dúró. Ẹ ò rí i pé ọmọ iṣẹ́ àwa onílítíréṣọ̀ ni grep jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀!

Bí grep ṣe ń ṣe ni pé yóò ka gbogbo fáìlì láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìlà tí ó bá ní ọ̀rọ̀ tí a ń wá ni yóò sì fi hàn wá. Èyí dára fún oko kékeré. Bí oko bá wá di igbó ńlá ńkọ́? Ní ọdún 2006, Google gbé ètò kan jáde tí ó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè wá ọ̀rọ̀ nínú kóòdù tí ó wà ní gbangba káàkiri ayé. Wọ́n ti í ní ọdún 2012, Russ Cox tí ó bá wọn kọ́ ọ sì ṣàlàyé ọgbọ́n tí ó wà nídìí rẹ̀. Ọgbọ́n náà kò le. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan rárá, a ó ti kọ́kọ́ gé gbogbo ọ̀rọ̀ sí lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta, a ó sì kọ fáìlì tí ìgé kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹnìkan bá wá tẹ “agbado”, ẹ̀rọ yóò gé e sí “agb”, “gba”, “bad” àti “ado”. Fáìlì tí ó bá ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìkan ni yóò ṣí wò, yóò fi ìyókù sílẹ̀. Bí ẹni tí ó fẹ́ ra ata ní ọjà Ìkàrẹ́ ni. Kò ní í dé ìsọ̀ aláṣọ, kò ní í dé ìsọ̀ ẹlẹ́ran. Ìsọ̀ aláta ni yóò gbà lọ. Nígbà tí GitHub ń ṣàlàyé irú ètò yìí tí àwọn náà ṣe ní ọdún 2023, wọ́n ní àkójọ iṣẹ́ mílíọ̀nù 45 ni ó ń yẹ̀ wò, fáìlì inú wọn sì jẹ́ bílíọ̀nù 15 àti ààbọ̀.

Èyí ni irin iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí ojú Yorùbá ń rí níbẹ̀.

Ìṣòro kìíní ni ti ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń kọ Yorùbá sínú ẹ̀rọ kì í fi àmì ohùn sí i. Bí ẹ bá wá “ilé” láìfi àmì sí i, ẹ̀rọ yóò kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà jáde fún yín, ẹ kò sì ní í rí ilé kan ṣoṣo tí ènìyàn ń gbé. “While” ni ẹ ó rí, àti “file”, àti “compile”, nítorí pé “ile” ń bẹ ní ìdí gbogbo wọn. Bí ẹ bá wá “òkè”, tí àwa ará Àkókó mọ̀ dunjú, “token” àti “broken” àti “invoke” ni yóò tú jáde. Bí ẹ bá wá “adé”, ẹ ó bá a nínú “header”, tí í ṣe orí fáìlì. Adé wà lórí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ọba wa! Àmì méjì tí gbogbo ayé fi ń dá èdè wa mọ̀ nínú kóòdù, “yo”, wà nínú “you”, nínú “layout” àti nínú “beyond”. Àtúnṣe èyí kò ṣòro. A lè sọ fún ẹ̀rọ pé kí ọ̀rọ̀ náà dá dúró, kí lẹ́tà kan má ṣe ṣáájú rẹ̀, kí òmíràn má sì tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n bí ó tilẹ̀ dá dúró, àìsí àmì ṣì ń da nǹkan rú. “Akoko” tí mo rí nínú fáìlì lè jẹ́ àkókò tí aago ń kà. Ó lè jẹ́ àkókó, ẹyẹ tí ń sọ igi. Ó lè jẹ́ akòko tí a ń fi ewé rẹ̀ sí olóyè lórí. Ó sì lè jẹ́ Àkókó ilẹ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ ìlú wa. Bí a bá mú àmì kúrò, ikùn tí oúnjẹ ń wọ̀, ìkún tí ń jẹ ẹ̀pà lóko, ikun tí ń bọ́ nímú ọmọdé, gbogbo wọn yóò dà pọ̀ mọ́ ìlú tí wọ́n bí mi sí.

Ìṣòro kejì ni ó yà mí lẹ́nu jù, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó ní àmì ni ó kàn. Mo tẹ “Pa rẹ́” pẹ̀lú àmì àti ìdí lẹ́tà tí ó pé. Ẹ̀rọ fi ìlà díẹ̀ hàn mí. Àwọn ìlà mìíràn wà tí mo ń fi ojú ara mi rí, tí “Pa rẹ́” wà níbẹ̀ kedere, síbẹ̀ tí ẹ̀rọ ní òun kò rí i. Kí ló fà á? Lẹ́tà ẹ́ ni. Ọ̀nà mẹ́rin ni a lè gbà kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Èkíní, kí a mú ẹ tí ó ti ní àmì lábẹ́, kí a fi àmì ohùn òkè lé e. Èkejì, kí a mú e lásán, kí a fi àmì sábẹ́ rẹ̀, kí a tó fi ti òkè lé e. Ẹ̀kẹta, kí a mú é tí ó ti ní àmì lórí, kí a wá fi ti ìsàlẹ̀ sí i. Ẹ̀kẹrin, kí a mú e lásán, kí a fi ti òkè ṣáájú ti ìsàlẹ̀. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí Táyé àti Kẹ́hìndé. Lójú ẹ̀rọ tí ń ka báìtì, ọmọ bàbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Báìtì márùn-ún ni ọ̀nà kìíní gbà, mẹ́rin ni ọ̀nà kẹta gbà. Ìdí èyí ni pé kò sí ilé kan ṣoṣo tí a kọ́ fún ẹ́ nínú ìlànà Unicode, bí a ti kọ́ ọ fún é àwọn ará Faransé. Ken Thompson tí ó ṣe grep yìí kan náà ni òun àti Rob Pike ṣe ètò báìtì tí a mọ̀ sí UTF-8 ní ọdún 1992, tí gbogbo ayé ń lò lónìí. Ètò náà gba Yorùbá wọlé dáadáa. Ṣùgbọ́n àwa ni a ń gba ẹnu ọ̀nà mẹ́rin wọ inú ilé kan.

Unicode kò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láìní ẹ̀rọ̀. Wọ́n ṣe òfin tí a lè fi sọ ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ọ̀kan ṣoṣo kí á tó fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀. Mo fi òfin náà tún gbogbo fáìlì Yorùbá ètò náà ṣe, mo sì tún wá ọ̀rọ̀ mi. Lójú ẹsẹ̀ ni àwọn tí ó sá pamọ́ yọjú. Síbẹ̀, díẹ̀ kù. Àwọn kan wà tí kì í lo àmì tóótó lábẹ́ lẹ́tà, ìlà kékeré tí ó dúró ṣánṣán ni wọ́n ń fi síbẹ̀, bí a ti ń rí i nínú àwọn ìwé àtijọ́. Òfin yẹn kò ka ìlà yìí sí ẹbí tóótó. Ọwọ́ ni mo fi wá àwọn yẹn.

Ìṣòro kẹta ti wà ṣáájú kọ̀ǹpútà. Àwa tí a ti ka ìtàn àkọtọ́ Yorùbá mọ̀ pé ọ̀nà ìkọ̀wé wa kò dúró sójú kan. Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843. Ìpàdé wà ní Èkó ní ọdún 1875. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ̀wé lórí àkọtọ́ ní ọdún 1965, a sì fi ọwọ́ sí èyí tí à ń lò ní ilé ẹ̀kọ́ ní ọdún 1974. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́ Yorùbá nínú Bíbélì bàbá rẹ̀ ṣì lè kọ “aiye”, “enia”, “obirin”. Bí ẹ bá wá “obìnrin” nínú kóòdù, “obirin” kò ní í dáhùn. Ẹ tún wo àwọn ará wa ní Orílẹ̀-èdè Benin. Ìlànà ti wọn ni láti kọ ɛ àti ɔ níbi tí àwa ti ń kọ ẹ àti ọ. Àkójọ CLDR tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ya fáìlì tiwọn sọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá fi “Ọjọ́rú” wá Yorùbá kò ní í kan tiwọn láé, bẹ́ẹ̀ ọmọ ìyá wa ni wọ́n.

Nígbà tí mo la gbogbo èyí kọjá, mo to ohun tí mo rí sílẹ̀ lórí ìwé. Nínú irú fáìlì bẹ́ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì máa ń wà ní ìlà òkè, Yorùbá a sì wà ní ìlà ìsàlẹ̀. Mo rí i pé “Pa rẹ́”, “Parẹ́”, “Pa á rẹ́”, “Paárẹ́” àti “Pare” lásán ni wọ́n fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin: Delete, Remove, Clear àti Cancel. Mẹ́ta àkọ́kọ́ jọra wọn díẹ̀. Ẹ̀kẹrin, Cancel, ni ó ba nǹkan jẹ́. Ẹni tí ó bá tẹ Cancel ń sọ fún ẹ̀rọ pé, “Má ṣe ohun tí mo fẹ́ ṣe mọ́.” Ẹni tí ó bá tẹ Delete ń sọ pé, “Mú ohun tí ó wà níbẹ̀ kúrò pátápátá.” Ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi fún àwọn méjèèjì. Kì í ṣe ẹnìkan ló túmọ̀ ètò náà. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni, oníkálukú ló sì kọ tirẹ̀ láìwá ohun tí ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀ kọ.

Kí ni a ó wá fi rọ́pò rẹ̀? Ibí ni àwárí ti kúrò lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Mo kọ́kọ́ mú “Fagi lé e”, tí mo rí nínú àwọn ètò mìíràn. Bàbá kan ní àdúgbò wa, tí ó ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ rí, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ó ti ń wò mí láti àárọ̀.

“Kí ni o ń wá nínú ẹ̀rọ yìí tí o kò tí ì jẹun?”

“Ọ̀rọ̀ ni, bàbá.”

“Ọ̀rọ̀ sọnù ni?”

“Kò sọnù, sà. Ó pọ̀ jù ni.” Mo ṣàlàyé fún wọn. Mo bi wọ́n pé bí wọ́n bá rí “Fagi lé e” lójú fóònù, kí ni wọn yóò rò pé ó fẹ́ ṣe.

Wọ́n ní, “Ohun tí a ti kọ ni à ń fagi lé. Bí mo bá fagi lé orúkọ ẹnìkan nínú ìwé ẹgbẹ́, ó ti jáde nìyẹn. Ṣé ohun tí akápò fẹ́ ṣe nìyẹn?”

“Rárá, sà. Wọ́n kàn fẹ́ dáwọ́ dúró ni.”

“Ẹni tí ó fẹ́ dáwọ́ dúró, ‘Fi í sílẹ̀’ ni yóò wí. Ẹni tí ó ní kí a fi nǹkan sílẹ̀ kò ní kí a sọ ọ́ nù.”

Mo lọ bá akápò náà. Mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sórí bébà mẹ́ta, mo ní, “Mọ̀ọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá tẹ èyí, kí ni ẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sí owó tí ẹ ti kọ?” Nígbà tí wọ́n rí “Pa á rẹ́”, wọ́n fa ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ní àwọn kò tún tẹ ìyẹn mọ́ láyé. Nígbà tí wọ́n rí “Fagi lé e”, wọ́n ní owó yóò wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n a kò ní í kà á mọ́. Nígbà tí wọ́n rí “Fi í sílẹ̀”, wọ́n ní, “Bí ó ti wà ni yóò wà.” Obìnrin méjì mìíràn nínú ẹgbẹ́ náà dáhùn bákan náà. Mo fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí àwọn tí ó ni ètò náà, pẹ̀lú àlàyé lórí ibi kọ̀ọ̀kan tí mo ti rí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n gbà á. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ tí ó tẹ̀ lé e, mo fi bọ́tìnnì méjì àtijọ́ han gbogbo wọn lójú fóònù. Àwọn tí ń wo akápò láti ẹ̀gbẹ́ ojú rí i pé bí ó bá ṣe àwọn ni, àwọn náà ìbá tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí mo kọ́ nínú èyí ni pé ẹ̀rọ mọ lẹ́tà, kò mọ ìtumọ̀. Ó lè fi gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ wà hàn wá, kò lè sọ fún wa bóyá ọ̀rọ̀ náà tọ́ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ènìyàn nìkan kò tó. Bàbá tí ó mọ ìyàtọ̀ láàrin “fagi lé” àti “fi sílẹ̀” kò lè mọ ibi tí ìlà tí ó yẹ kí a tún ṣe wà nínú ọ̀kẹ́ àìmọye ìlà. A nílò àwọn méjèèjì.

Kí n tó dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa ilẹ̀ Àkókó. Gbogbo wa mọ̀ pé èdè pọ̀ níbẹ̀ bí òkè ti pọ̀. Ohùn ilé wa kì í ṣe ohùn inú ìwé. Ẹni tí ó bá lọ sí Ìṣùà yóò gbọ́ èdè tí ó bá ti àwọn Ẹ̀dó tan. Arigidi ní tirẹ̀, Ikaram àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní tiwọn. Àwọn onímọ̀ ti fún àwọn èdè wọ̀nyí ní àmì lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta: aqg ni ti Arigidi, ibe ni ti Akpes, kcf ni ti Ukaan. Mo wá àwọn àmì wọ̀nyí náà nínú kóòdù, mo sì rí wọn, nínú àwọn fáìlì tí a to orúkọ gbogbo èdè ayé sí. Mo wá gbólóhùn kan ṣoṣo tí a kọ ní èdè wọ̀nyí, kódà kí ó jẹ́ “Ẹ káàbọ̀”. N kò rí ọ̀kan. Orúkọ wọn wà nínú ìwé, ohùn wọn kò sí. Yorùbá tí à ń ráhùn pé wọ́n kọ ní ìkọkúkọ, ìbùkún ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí.

Kí ni kí a ṣe? Àwọn àgbà wa nínú iṣẹ́ yìí ti fi ọ̀nà hàn wá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi Yorùbá kọ́ Yorùbá, wọ́n jókòó, wọ́n ṣe èdè-ìperí. Ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Bámgbóṣé jáde ní ọdún 1984, ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì tẹ̀ lé e ní ọdún 1990. Nítorí iṣẹ́ wọn ni a fi lè sọ “ọ̀rọ̀-orúkọ” àti “ọ̀rọ̀-ìṣe” ní kíláàsì, tí gbogbo wa sì gbọ́ ara wa yé. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa ṣe fún ọ̀rọ̀ inú ẹ̀rọ. Kò pọn dandan kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀. Ogún péré ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, àwọn tí ó lè ba owó àti iṣẹ́ ènìyàn jẹ́: pa á rẹ́, fi í sílẹ̀, fi ránṣẹ́, tọ́jú rẹ̀ pa mọ́. Kí a wá wọn nínú àwọn ètò tí ó ti wà, kí a mú wọn lọ bá àwọn tí ń lò wọ́n ní ọjà àti ní oko, kí a kọ wọ́n ní àkọtọ́ kan, pẹ̀lú àmì, ní ọ̀nà báìtì kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, a bẹ̀ yín, ẹ fún wa ní iṣẹ́ yìí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àṣetiléwá. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe sọ pé iṣẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Wọ́n mọ bí a ti ń kọ́ ilé. Àwa ni a mọ orúkọ yàrá. Ẹni tí ó bá sì jẹ́ ọmọ Arigidi tàbí ọmọ Ikaram láàrin wa, kí ó bi ìyá rẹ̀ àgbà bí a ti ń kí ènìyàn káàbọ̀ ní èdè wọn, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní alẹ́ òní, kí ilẹ̀ tó ṣú jù. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a wá èdè bàbá wa tì. Àṣẹ.